Ibi Tó Ti Ń Dijú

Kí ìyá rẹ̀ tó kú ni mo ti máa ń ṣọ́ ojú ọmọ náà. Ọmọ ọmọ mi ni, òun nìkan sì ni ọmọbìnrin mi bí. Ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi lórí ẹní, lábẹ́ ibòji ibi tá a ti ń bó ẹ̀gẹ́, torí gàrí ni iṣẹ́ mi látìgbà tí mo ti délé ọkọ ní Ìlá níbí. Èmi á máa bó ẹ̀gẹ́, ọmọ á máa wò mí. Nígbà yẹn kò tíì lè dá jókòó. Bí mo bá gba ṣíbí tó ń fi ṣeré, tí mo fi aṣọ bò ó níṣojú rẹ̀, kò ní wá a. Ojú rẹ̀ á kàn kọjá sára nǹkan míì, bí ẹni pé kò sí ṣíbí kankan níbẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti gbàgbé." Mo ní kò gbàgbé. Ohun tí kò bá ti rí, lójú tirẹ̀ kò sí mọ́ ni.

Ó di ìgbà tó ń rá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ìyá rẹ̀ ló fi ìborùn bo ojú ara rẹ̀, tó ní, "Màmá dà? Màmá ti lọ." Ọmọ náà dúró, ó wò ó títí, ló bá na ọwọ́, ó fa ìborùn náà wálẹ̀. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ẹ̀rín tó rín pọ̀ débi pé gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àtọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo tọ́ ló dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò sì ka tirẹ̀ sí bàbàrà. Ìsinsìnyí ni mo máa ń rántí ìborùn yẹn, kódà mo rántí àwọ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn. Kò pẹ́ rárá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e padà, ilé mi ló sì kú sí, torí pé òkè Ọya ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ti lè bọ́ aṣọ fúnra rẹ̀, kò tíì lè wọ̀ ọ́.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bí ọmọ kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. Kì í bá wọn débẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í júwe ibẹ̀ fún un. Torí náà inú yàrá ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, àwọn obìnrin àdúgbò yí mi ká, ẹnì kan di ọwọ́ mi mú. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń jáde. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lọ títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọmọkùnrin mi, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí ọmọ náà ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló ṣáájú wọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọmọ náà wà léjìká rẹ̀. Ó ti dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń ké, kò sẹ́ni tó lè já a kúrò, ni wọ́n bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò mi tá a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ ló ṣèèṣì sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ì bá má gbé ọmọ yẹn dání," ló bá pa ẹnu dé, ó tẹjú mọ́ ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà ò bèèrè. Àmọ́ àtìgbà yẹn, bí ọmọ náà bá sùn tì mí, mo máa ń wo ojú rẹ̀ tó padé, mo máa ń rò ó pé ohun tí èmi ò gbọ́dọ̀ rí wà nínú ojú kékeré yìí.

Ọmọ míì á máa wá ìyá rẹ̀ kiri ilé. Á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Òun kò wá a, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. Ó máa ń pín àkàrà rẹ̀ sí méjì, á gbé ìlàjì sílẹ̀ sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sójò, ó fà á padà, ó wò mí.

"Ìyá àgbà, màámi á ti tutù."

Mo fẹ́ bi í pé níbo. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo dìde, mo lọ kó gàrí tí mo sá kúrò lábẹ́ ìṣàn òrùlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti kó o tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀ sí i, tí eré rẹ̀ di kó máa fi ohun kan ṣe ohun míì, tó ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe owó, tó ń gbé igi pọ̀n bí ọmọ, mo jáde láti ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti fa aṣọ ìyá rẹ̀ yọ nínú àpótí, ó ró o, ìdajì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó wé gèlè. Ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, irú ikọ́ tí ìyá rẹ̀ ń wú kó tó kú, ó wá ní, "Ẹ rọra o, Màmá, agbada yẹn gbóná." Bí olóògbé ṣe máa ń wí i gẹ́lẹ́ ni, ohùn náà lọ sókè níparí bíi tirẹ̀. Igbá ìyangàrí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ta nìyí?" ni mo bi í.

"Èmi ni màámi."

"Ọmọ rẹ dà?"

Ó ro ó díẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó wo igi tó pọ̀n. "Ó ń sùn. Ẹ má jí i."

Mi ò gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n gbà á, pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò dáa. Mo ní ọmọdé ni, kò mọ̀ ju pé ẹni tó bá wọ aṣọ ẹnì kan ti di ẹni náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tí igbá fi bọ́ lọ́wọ́ yín?" Mo lọ fọ igbá náà.

Àsìkò yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sóko. Oko ẹ̀gẹ́ mi wà lẹ́yìn ìlú, èèyàn á kọjá ilẹ̀ kòkó ẹbí ọkọ mi kó tó débẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó náà, àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ̀ ẹrù lé láti sinmi. Ọmọ náà á di etí ìró mi mú, á máa sọ̀rọ̀ bá a ṣe ń lọ. Gbogbo nǹkan ló ní ẹ̀mí lójú rẹ̀ nígbà yẹn. Òkúta tó gbún un lẹ́sẹ̀ burú. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá wa lójú ọ̀nà, tí òṣùpá yọ, á ní òṣùpá ń tẹ̀ lé wa, ó fẹ́ mọ ibi tí à ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku díẹ̀ ká dé ibi àpáta náà, á dákẹ́. Nígbà tí mo bojú wò ó, mo rí i pé ó dijú pinpin. Ó ń rìn bí afọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ le lára aṣọ mi. Tá a bá kọjá tán, á lajú.

Mo rò pé oòrùn ni. Ọjọ́ kan kò sí oòrùn, ojú ọ̀run ṣú, ó tún dijú.

Mo ní, "Ìyá mi, kí ló dé tó o ń dijú?"

"Kí ẹ má bàa rí i ni."

"Kí n má bàa rí kí ni?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Mo ti mọ eré yẹn nílé. Bá a bá ń ṣe bojúbojú, kì í sá pamọ́ síbì kan. Á dúró sí àárín ilé, á fi ọwọ́ bo ojú, á ní, "Ẹ ò rí mi." Ọmọ tó wà níwọ̀n yẹn gbà pé bí òun ò bá ti rí nǹkan, kò sẹ́lòmíì tó lè rí i. Ó ń fi ojú tirẹ̀ bo tèmi. Bó ṣe yé mi báyìí, mo mọ ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Látìgbà tí ọmọ mi ti kú ni mo ṣì ń sọ̀ ẹrù sórí àpáta yẹn. Mo ti jẹ iṣu sísun níbẹ̀. Mo ti jókòó síbẹ̀ bá aládùúgbò mi tàkúrọ̀sọ, a ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Mi ò wo apá ọ̀tún tí kòkó wà. Mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, a lọ sóko, mo fa ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ fà, a padà wálé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mi ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ mi wà. Bó ṣe di pé àwa méjèèjì ń gbé ilé kan náà nìyẹn: òun ń fi ibẹ̀ pa mọ́ fún mi, èmi ń fi í pa mọ́ fún un pé mo ti mọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ẹrù àgbàlagbà ló wà lórí ọmọ náà, mi ò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ̀ ọ́ fún un láìfi ojú mi rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo máa ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́n. Lọ́jọ́ kan mo wọn gàrí fún un láti rẹ mu, òun àti ọmọ aládùúgbò mi. Agolo kan náà ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo da ti ọmọkùnrin yẹn sínú ife gígùn, mo da tirẹ̀ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, torí kò sí ife mọ́. Ló bá bú sẹ́kún.

"Tèmi kéré!"

Aládùúgbò mi ní, "Ojúkòkòrò ọmọ yìí mà pọ̀ o. Ẹ dà á padà sínú agolo, kẹ́ ẹ fi hàn án."

Mo dà á padà. Ó wò ó, ó gbà pé ọgbọọgba ni. Mo tún dà á sínú abọ́, ó tún bú sẹ́kún. Aládùúgbò mi rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mu tirẹ̀ tán jàre, kó rí ohun tó ń jẹ́ kékeré."

Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò ọmọkùnrin yẹn náà ń sunkún nítorí irú abọ́ kan náà. Ọmọ ọmọ mi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbórí sókè. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bù kún un, kò sẹ́ni tó bù ú kúrò. Bó ṣe wà náà ló wà." Mo wò ó. Ẹ̀gẹ́ tó ń bó mọ́ ju tèmi lọ.

Àkókò náà ló jáwọ́ nínú dídi ojú. Ó ti yé e wàyí pé ojú mi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bá a bá ń sún mọ́ ibi àpáta, ọ̀rọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, tìṣà ṣe báyìí, ẹnì kan ṣubú nínú kíláàsì, ẹ wo ẹyẹ yẹn lápá òsì, Ìyá àgbà. Apá òsì ni ẹyẹ máa ń wà nígbà gbogbo. Èmi náà á wo apá òsì, mo ní mo rí i. Kò sẹ́yẹ kankan níbẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ara rẹ̀ ń ṣí, ojú rẹ̀ ń padà sí ojú ìyá rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń fa aṣọ kúrò lójú ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orúkọ ìyá rẹ̀ ni mo fi dá a lóhùn. Ó yọjú, ó ní, "Ìyá àgbà, èmi ni." Mo ní mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tó bá wà ló ń sọ. Nígbà tó wọ ilé ìwé girama, ohun tí kò sí ló kù tó ń bèèrè. "Ká ní" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Ká ní wọn ò dá owó sílẹ̀ láyé, báwo lẹ máa ṣe ta gàrí? Ká ní èmi ni mo bí yín ńkọ́? Ọjọ́ kan ó dé ibi tí mo ti ń retí rẹ̀.

"Ká ní ẹni tó bí ọmọ ṣèèṣì rí ibi tí wọ́n sin ín sí, kí ló máa ṣe é?"

Aládùúgbò mi ní, "Yé é, ẹ gbọ́ lọ́yà."

Mo ní, "Mi ò mọ ohun tó máa ṣe é."

"Ta ló wá ṣe òfin ẹ̀? Ṣé ẹni náà bímọ?"

"Á ti bí i. Wọ́n ṣe é kí ìyá má bàa lọ máa jókòó síbẹ̀, tí yóò fi gbàgbé àwọn tó kù nílé."

Ó ro ó. "Tí àwọn tó kù nílé bá ń lọ jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Òfin wo ló wà fún ìyẹn?"

Aládùúgbò mi dìde, ó ní òun gbàgbé nǹkan lórí iná. Kò dáná lọ́jọ́ náà.

Wọ́n mú un sí ilé ìwé kan ní Ìgbájọ, èyí tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi owó ránṣẹ́, ọmọkùnrin mi ra àpótí. Ó ku díẹ̀ kó lọ, òun àti èmi nìkan jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ ti mọ̀, àbí?"

"Mo mọ kí ni?"

"Gbogbo ẹni tó bá dé orí àpáta yẹn ló ń wò yíká. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í yíjú sápá ọ̀tún."

"Ọrùn ló ń dùn mí."

"Ibẹ̀ nìkan ló ti ń dùn yín?"

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá mọ ibẹ̀, ẹ máa lọ síbẹ̀. Màámi lọ síbẹ̀, wọn ò padà. Mo rò pé ẹni tó bá ti lọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dá lọ sóko, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi dé."

Mo rántí. Mo rò pé ebi ló ń pa á ni.

"Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ ni mo rò ó pé, ṣebí Bọ̀ọ̀dá náà lọ, wọ́n sì padà. Èmi lọ, mo padà. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Àmọ́ wọ́n ti ní kí n má sọ, mi ò sì sọ. Báyìí, mi ò mọ ẹni tí mò ń fi pa mọ́ fún. Ó ti wúwo, Ìyá àgbà. Mo fẹ́ sọ fún yín kí n tó lọ." Ó nu imú. "Tí mo bá lọ, ta ló máa bá màámi ro ibẹ̀?"

"Ìwọ lo ń ro ó?"

"Àtìgbà tí mo ti lè gbé ọkọ́. Bọ̀ọ̀dá kì í ráyè."

Ìgbà náà ni mo rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí tútù tútù, tó ń run koríko. Oko ilé ìwé ló máa ń pè é.

Mo ní, "Má sọ ọ́."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Má sọ ọ́ fún mi. Dìde, mú ọkọ́, ká lọ."

A gba ọ̀nà oko. Kò fi ẹyẹ kankan hàn mí. Nígbà tá a dé ibi àpáta, mo jókòó, mo kọjú sí ọ̀nà Ìlá, mo kọ̀yìn sí kòkó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi.

"Ìyá àgbà, ẹ dijú ni?"

"Mo dijú."

"Ẹ̀yìn yín lẹ kọ síbẹ̀. Kò yẹ kẹ́ ẹ tún dijú."

"Jẹ́ kí n dì í."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé kòkó tó ti gbẹ. Kò rìn jìnnà. Ibẹ̀ sún mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ, ẹ̀rù sì bà mí, àmọ́ mi ò dìde. Ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Láàárín ìró ọkọ́, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rọra ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín ọmọ mi ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú tí mo ti dì tẹ́lẹ̀, mo jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, erùpẹ̀ wà lára ọwọ́ náà.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán."

Ohun tí mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti jókòó tì mí nínú yàrá, mo bi í. "Ṣé ó wà dáadáa?"

Ó ní, "Wọ́n wà dáadáa, Ìyá àgbà."

Ó ti wà ní Ìgbájọ báyìí. Mo pe ọmọkùnrin mi, mo ní kó máa lọ ro ibi tó mọ̀, kó má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tó bá ráyè. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Èmi ṣì ń lọ sóko. Mo ṣì ń sọ̀ ẹrù sórí àpáta náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ewé kòkó á máa dún lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń rìn bọ̀, á sì dúró.

Ilé ìwé máa ń jẹ́ kí wọ́n pe ilé lọ́jọ́ Ìsinmi. Èyí ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè, kó tó bèèrè àlàáfíà mi, kó tó bèèrè gàrí.

"Ìyá àgbà, ẹ sinmi níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Mo sinmi."

"Ẹ dijú?"

"Mo dijú."

"Ó dáa," ló máa ń wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ kékeré lẹ́kún. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."